Ẹsẹ̀ Ọdẹ́lànà Lọ́wọ́ Ìyá Olórìí

Ẹ bọ́ bàtà yín. Gbogbo yín pátá. Ìwọ tí o fi aṣọ bo tìrẹ lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ o, bọ́ ọ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a ń wọ bàtà gbọ́. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀, kí ẹ sì gbàgbé pé iṣẹ́ wà lóko, nítorí bí èmi Ọdẹ́rìndé bá ti la ẹnu, oòrùn pàápàá á wá ìjókòó. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi ni mo wo ẹfọ̀n lójú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko bí ewúrẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́lànà ọ̀rẹ́ mi ni, ọdẹ tó jù mí lọ nínú ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ni ìfẹ́ aya rẹ̀.

Mọ́rẹ́nikẹ́ lorúkọ aya náà. Nígbà tí Ọdẹ́lànà ṣì ń fi ẹsẹ̀ lásán wọ igbó, bó bá ti dé, omi gbígbóná ti wà nílẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ á jókòó sórí àpótí, á gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lé itan, á fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún, á wẹ̀ ẹ́, á wá bu òrí sọ́wọ́, á máa fi ra á láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn wà. Á ní, "Bàbá Ọdẹ́fúnkẹ́, kí lẹ rí nínú igbó lónìí?" Ọdẹ́lànà á sọ ohun tó rí, á sì fi irọ́ díẹ̀ sí i, ọdẹ kúkú ni. Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín títí, á ní irọ́ yẹn tóbi ju ẹsẹ̀ tó gbé e wálé lọ.

Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, Ọdẹ́lànà ra bàtà. Bàtà awọ ẹfọ̀n, tó ga dé ojúgun, tó ń dún gbà, gbà, gbà lórí àpáta. Ẹ̀gún ò gún un mọ́. Bó bá dé, á jẹun, á sùn, omi gbígbóná á tutù sílẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ wo bàtà náà, ó ní, "Bàbá Ọdẹ́fúnkẹ́, nǹkan yìí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Ọdẹ́lànà rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọkùnrin, bí obìnrin bá bá yín ṣẹ̀fẹ̀, ẹ máa wo ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ọdún kẹsàn-án bàtà yìí ni àìsàn dá Mọ́rẹ́nikẹ́ dùbúlẹ̀. Ọdẹ́lànà wà nínú igbó, ó ń tọ ipasẹ̀ ẹran kan lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀ lọ́la, ẹran yìí ò ní í pẹ́ kú mọ́." Nígbà tó dé, wọ́n ti sin Mọ́rẹ́nikẹ́. Igbá òrí wà lórí pẹpẹ, ojú ìka obìnrin náà ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ ní òun fúnra rẹ̀ ló bù ú sọ́wọ́, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tó ń retí ìró ẹsẹ̀, títí òrí náà fi yọ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdẹ́lànà ò sunkún lójú wa. Ṣùgbọ́n àárò aya rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé bó bá ń jẹun, á dá òkèlè dúró lẹ́nu, á máa wo àpótí tí obìnrin náà máa ń jókòó sí. Lẹ́yìn ọdún méjì, oníyọ̀ kan tó máa ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn bá a nílé. Ó ní òun rí Mọ́rẹ́nikẹ́.

Ẹ má wo ara yín lójú bẹ́ẹ̀. Ẹ ti gbọ́ nípa àkúdàáyà rí: ẹni tó kú láìtọ́jọ́, tó lọ tẹ̀dó sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń jẹ, tó ń mu bí alààyè. Oníyọ̀ ní, "Ìlú àwọn asáré ni mo ti rí i, lẹ́yìn Igbó Ilẹ̀-ń-ṣàn. Ó ń fi òrí ra ẹsẹ̀ fún wọn. Mo ní kí n pè é, ni arúgbó kan bá fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó ní bí ẹnì kan bá pe àkúdàáyà lórúkọ, tàbí bí òun àti ẹni tó mọ̀ ọ́n bá jẹ́wọ́ fún ara wọn, ojú ẹsẹ̀ ló máa pòórá, a ò sì tún ní í rí i láé."

Ọdẹ́lànà ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi mú ìbọn. Ọdẹ́fúnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Mọ́rẹ́nikẹ́ bí fún un, ti ní àfẹ́sọ́nà, lẹ́yìn iṣu tuntun ni wọ́n sì fẹ́ gbé e níyàwó. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. "Bàbá, mi ò ní ìyá. Bí ẹ̀yin náà ò bá dé, ta ni yóò gbé ọwọ́ lé mi lórí kó súre fún mi? Mi ò ní í jáde nílé yìí láìgba ìre lẹ́nu yín."

"Kí iṣu tuntun tó wọlé, n óò ti dé," ni bàbá rẹ̀ wí. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: kó rí Mọ́rẹ́nikẹ́, kó ní kó dárí ji òun. Bí yóò ṣe bẹ̀ ẹ́ láìjẹ́wọ́ ara rẹ̀, kò tíì rò ó débẹ̀.

Ẹ má bi mí iye odò tó là kọjá. Ó dé Igbó Ilẹ̀-ń-ṣàn. Lọ́hùn-ún, odò ló dúró, ilẹ̀ ló ń ṣàn. Bí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ilẹ̀ á gbé e padà ní ẹsẹ̀ méjì. Ọdẹ́lànà rìn láti àárọ̀ dé ọ̀sán, igi ìrókò tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ò kúrò lápá ọ̀tún rẹ̀. Inú bí i, ó bú ilẹ̀. Ilẹ̀ ò dá a lóhùn.

Iwin kan ń wò ó láti orí òkìtì ọ̀gán. Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́ lorúkọ rẹ̀, òun ni oníbodè ibẹ̀. Ó ga tó ọ̀pẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ó ní, "Ọdẹ, ilẹ̀ ò mọ̀ ọ́. Dá mi lóhùn kí n mọ̀ bóyá orí rẹ ṣì pé. Ìbejì kan wà tí wọ́n jọ ń rìn láti ọjọ́ tí a ti bí wọn. Bí Táyé bá ṣíwájú, Kẹ́hìndé ò jowú. Bó bá tún yá, Kẹ́hìndé á ṣíwájú, Táyé ò sì bínú. Ta ni wọ́n?"

"Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni."

"O káre. Awọ òkú gbé awọ alààyè mì, ó sì ń gbé e kiri igbó. Kí ni?"

Ọdẹ́lànà wo ilẹ̀. "Bàtà mi ni."

"Bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń sáré dé ibi tí ò ń lọ."

Bó ti bọ́ wọn tán, bàtà méjèèjì yíjú sí ọ̀nà ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, gbà, gbà, gbà, láìsí ẹsẹ̀ kankan nínú wọn.

Ẹ̀yin ará ibí, ojú mi ló ṣe! Mo wà ní àgbàlá Ọdẹ́lànà lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàtà wọlé. Gbogbo ènìyàn sá. Èmi ò sá o. Mo gun igi ọsàn kí n lè rí i dáadáa ni. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Bàtà náà rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ níbi tí ẹni tó ni wọ́n máa ń bọ́ wọn sí. Ọdẹ́fúnkẹ́ yọjú wo inú wọn, kò rí nǹkan. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní kí a ṣètò òkú. Ó ní rárá, bàbá òun ní kí iṣu tuntun tó wọlé, òun á dúró di ìgbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ bàtà yẹn ló ń jókòó sí.

Níbodè lọ́hùn-ún, Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́ ń kọ́ bàbá rẹ̀. "Má fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀ bí ẹni ń gún iyán. Jẹ́ kí iwájú ẹsẹ̀ kọ́kọ́ kí ilẹ̀, kí gìgísẹ̀ wá rọra tẹ̀ lé e. Lónìí, sáré dé ìdí ìrókò yẹn, kí o jókòó. Lọ́la, sáré dé ìrókò kejì. Ẹsẹ̀ tó ti sùn fún ọdún mọ́kànlá, a kì í jí i lójijì."

Ta ló fẹ́ jókòó? Ọkùnrin tí aya rẹ̀ wà níwájú! Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọdẹ́lànà mọ òwe yẹn, òun gan-an ló kọ́ mi. Ó sáré dé ìrókò kìn-ín-ní, ó kọjá. Ó kọjá ìkejì. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn òkúta tó ń tẹ̀ sì ń sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́ o." Nígbà tí ọjọ́ máa fi rọ̀, wọ́n ti ń sọ pé, "Bàbá, ó tó o!" Kò gbọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé ìlú àwọn asáré, ó ṣubú lulẹ̀ nílé àlejò, ó sùn lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí òun dìde. Yéè! Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn tí wọ́n gbàgbé. Gìgísẹ̀ ń ta á bí ẹni tẹ àfọ́kù ìgò. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ fà á títí dé orúnkún. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó di ògiri mú. Ó gbé èkejì, ó pe ìyá rẹ̀. Nígbà tó tiro yí yàrá ká fún ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó báyìí, á tún gan padà.

Onílé àlejò ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Olórìí ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òfin wa, bàbá àlejò. Ilẹ̀ ń ṣàn kọlu ẹni tó ń bọ̀, ó sì ń ṣàn kọlu ẹni tó ń lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá sáré yí odi ìlú po láìtiro, ẹ lè máa lọ sílé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì gan títí ọyẹ́ fi dé, ó ti di tiwa nìyẹn." Ó nawọ́ sí àwọn igi tó tò sí ìdí odi. Ọdẹ́lànà wò wọ́n dáadáa. Gbòǹgbò wọn ní èékánná.

Ìyá Olórìí wà lábẹ́ igi osè kan, lórí àpótí, igbá òrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi gbígbóná níwájú rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ni. Bó ṣe máa ń so gèlè rẹ̀ sẹ́yìn náà ló so ó. Orúkọ rẹ̀ dé ètè Ọdẹ́lànà, ó bu ahọ́n jẹ, ẹ̀jẹ̀ kún un lẹ́nu.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá àlejò," lobìnrin náà wí. "Ẹ jókòó. Ẹ gbé e wá." Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó wẹ̀ ẹ́, ó bu òrí. Ọwọ́ rẹ̀ dé ọmọ ìka, níbi tí pàkúté ti gé e rí tó sì fi àpá sílẹ̀. Ọwọ́ náà dúró díẹ̀, ó tún ń bá iṣẹ́ lọ. "Ẹ sáré jù. Ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Ìyá Olórìí. Èmi ni mò ń lé nǹkan."

"Ṣé ẹ bá a?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Báyìí ló di pé àràárọ̀ ló ń tiro lọ síbẹ̀. Obìnrin náà ń sọ ibi tó máa sáré dé fún un: lónìí, ìdí kànga, lọ́tùn-únla, ẹnu bodè. Ẹsẹ̀ náà ń rọ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí àjèjì méjì. Obìnrin náà bi í bóyá ó ní ọmọ.

"Mo ní obìnrin kan. Wọ́n fẹ́ gbé e níyàwó lẹ́yìn iṣu tuntun."

"Ṣé ó ga?"

"Ó ga bí ìyá rẹ̀."

"Ta ló ń bá a di irun?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló ń di í."

Ìyá Olórìí tẹrí ba, ó sì ra ẹsẹ̀ náà pẹ́ lọ́jọ́ yẹn ju bó ti yẹ lọ. Ọdẹ́lànà ń wo àárín orí rẹ̀. Àárò ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ń pa á, irú ìyà yẹn ṣọ̀wọ́n láyé. Ní ọjọ́ kan, ó gbìyànjú. Ó ní, "Ìyá Olórìí, bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe ènìyàn, tí kò tètè dé..."

"Ẹ dákẹ́," lobìnrin náà wí kíá. "Ẹ jẹ́ kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi."

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọdẹ́lànà dìde lórí ẹní, ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kò dùn ún. Ó tún un tẹ̀. Kò dùn ún rárá. Ẹ̀rù bà á. Bí ẹsẹ̀ bá yá, kí ni yóò gbé e dé ìdí osè mọ́? Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe. Lọ́sàn-án gangan, ó lọ sí orí àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú, ó ń fi gìgísẹ̀ gún un, ó ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gan padà. Mo ti rí ẹni tó ń sá fún ìrora láyé mi, èmi náà sì ti sá rí. Mi ò tíì rí ẹni tó ń sáré wá a kiri àfi òun.

"Ó yẹ kó ti rọ̀," ni Ìyá Olórìí wí lọ́jọ́ kejì.

"Ọjọ́ orí ni."

Obìnrin náà wò ó, ó tún bu òrí sọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan tó ń tiro bọ̀ láti orí àpáta, ọ̀kan nínú àwọn igi ìdí odi kí i. "Ẹ kú eré o, ọdẹ. Ìyá mi ni mo wá wò ní tèmi. Mo ní kí ẹsẹ̀ mi má tètè yá. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ló ń sinmi lábẹ́ mi, kò sì mọ̀ pé èmi ni." Ọdẹ́lànà wo ẹsẹ̀ tirẹ̀. Gbòǹgbò funfun kan, tínínrín, ti yọ lábẹ́ ọmọ ìka rẹ̀. Ó fi erùpẹ̀ bò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni iṣu tuntun wọ ìlú àwọn asáré. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé àlejò. Ọdẹ́lànà rántí Ọdẹ́fúnkẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn kàn án lórí, orí àpáta náà ló tún lọ.

Ibẹ̀ ni Ìyá Olórìí bá a. Igbá òrí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bú u. Ó jókòó sórí àpáta, ó ní, "Ẹ gbé e wá." Ó rí gbòǹgbò náà. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ nínú gèlè, ó yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹ̀gún, omijé rẹ̀ sì ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Iṣu tuntun ti jáde," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ọmọ yín wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yìí bá yá, ta ni n óò tún gbé e fún?"

Obìnrin náà tún gbé ẹsẹ̀ náà lé itan. Ó bu òrí púpọ̀, ó fi ra ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ra tòsì, láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka, kò fo ibì kankan. Ó wá fi àtàǹpàkò rẹ̀ bo ojú àpá pàkúté náà. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀," ló wí. "Mi ò bínú sí yín rí. Ọ̀nà ló jìn."

Ọwọ́ rẹ̀ ń fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ Ọdẹ́lànà bó ti ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà mọ ohun tí aya rẹ̀ fẹ́ ṣe, ó na ọwọ́ kó fi bò ó lẹ́nu. Ṣùgbọ́n obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, irú ẹ̀rín tó máa ń rín kí bàtà tó dé. "Bàbá Ọdẹ́fúnkẹ́, kí lẹ rí nínú igbó lónìí?"

"Ìwọ ni mo rí," ni Ọdẹ́lànà wí. "Mọ́rẹ́nikẹ́, ìwọ ni."

Àpáta lásán ló ń bá sọ̀rọ̀. Igbá òrí wà nílẹ̀, òrí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣì gbóná.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó mú igbá náà, ó sáré yí odi ìlú po, kò tiro. Lójú ọ̀nà, ó ń sinmi nídìí ìrókò kọ̀ọ̀kan bí Atẹlẹ̀jẹ́jẹ́ ti kọ́ ọ, àwọn òkúta ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́ o, ó sì ń dá wọn lóhùn. Ọdẹ́fúnkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà nígbà tó wọlé. Ọmọ náà ò tíì kí i tó fi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó kan ilẹ̀. Ó kan ilẹ̀. Ọmọ náà ṣubú lé e lẹ́sẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ tí òrí ìyá rẹ̀ wà lé e lórí, ó súre fún un títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀sẹ̀ kejì la gbé ìyàwó. Èmi ni mo jó jùlọ, ẹ bi ẹnikẹ́ni.

Ọdẹ́lànà ò wọ bàtà mọ́. Adìẹ ló ń yé sínú wọn. Ní ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ kí i láàárọ̀, mo bá Ọdẹ́fúnkẹ́ níbẹ̀, ó ti ilé ọkọ wá. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ a máa gan. Ó gbé omi gbígbóná wá, ó gbé igbá òrí wá, ó jókòó sórí àpótí ìyá rẹ̀, ó ní kí òun bu òrí. Ọdẹ́lànà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi sílẹ̀ ná, ọmọ mi," ló wí. "Jẹ́ kó gan díẹ̀ sí i."

Ó tó. Ẹ wá mú bàtà yín. Ẹni tí wọ́n bá ń dúró dè nílé nínú yín, kó má ṣe sọ pé ó di ọ̀la o.